Ta Ni Yóò Gba Ọmọ Náà Lọ́wọ́ Olùkọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin bàbá ọmọ, ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí ẹ bá wa rò lọ́sẹ̀ yìí. Bí ọmọ bá jáde ní ilé ẹ̀kọ́, tí ojú rẹ̀ ń ríran, tí etí rẹ̀ ń gbọ́ràn, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pé, gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó kàn. Àwọn kan á lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn kan á wọ ẹnu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, àwọn mìíràn á sì tẹ̀lé ìyá wọn lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fọ́jú ńkọ́? Ọmọ tí kò gbọ́ràn ńkọ́? Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, tàbí èyí tí òye rẹ̀ kò yára bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá parí ẹ̀kọ́?

Ọ̀pọ̀ òbí a máa jà fitafita kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó rí ilé ẹ̀kọ́ wọ̀. Wọ́n á wá owó ọkọ̀, wọ́n á bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì fara da ọ̀rọ̀ ẹnu ará àdúgbò. Ọmọ á kàwé fún ọdún mẹ́wàá, ọdún méjìlá. Nígbà tí wọ́n bá ya àwòrán ìjáde tán, tí àlejò jẹun tán tí wọ́n túká, ọmọ á padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á jókòó. Ọdún kan á kọjá, ọdún méjì á tẹ̀lé e. Ìwé tí ó kà kò tíì parẹ́ ní orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mú un dé ibi tí yóò ti lò ó. Kì í ṣe pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé olùkọ́ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àlàfo kan ni ó wà láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́, inú àlàfo náà ni ọmọ já sí.

Nípa àlàfo yìí ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ti ń gbìyànjú láti dí i fún ohun tí ó lé ní ogójì ọdún. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i kò ju pé kí ènìyàn méjì tí kò mọ ara wọn tẹ́lẹ̀ jókòó sí ìdí tábìlì kan náà kí ọmọ tó jáde ilé ẹ̀kọ́: olùkọ́ tí ó mọ ọmọ, àti olùdámọ̀ràn tí ó mọ iṣẹ́. A kò sọ pé ó ti bọ́ sí i fún wọn tán. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti rí kọ́ nínú rẹ̀ yóò wúlò fún yín, yálà ọmọ yín wà ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí ní Ìlọrin, tàbí ẹ jọ wà ní Houston tàbí Chicago lọ́hùn-ún.

IṢẸ́ MÉJÌ, ÌMỌ̀ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn méjèèjì.

Olùkọ́ ọmọ akàndá ti bá ọmọ náà gbé pẹ́. Ó mọ̀ pé bí a bá sọ ohun mẹ́ta fún un lẹ́ẹ̀kan náà, méjì yóò bọ́ sọnù, ṣùgbọ́n bí a bá sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní gbàgbé. Ó mọ̀ pé ariwo a máa da orí ọmọ yìí rú. Ó mọ èyí tí ń kàwé pẹ̀lú ìka lórí bíréèlì, àti èyí tí ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kíákíá ju bí ẹlòmíràn ti ń fi ẹnu sọ ọ́. Ó mọ ohun tí ń bí ọmọ nínú, ó sì mọ ohun tí ń mú inú rẹ̀ dùn.

Olùdámọ̀ràn iṣẹ́ yàtọ̀ sí i. Ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe tíṣà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú ẹni tí ara rẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀ ní ìṣòro dé ẹnu iṣẹ́ tí ń mú owó wọlé, kí ó sì rí i pé ẹni náà dúró níbẹ̀. Ó mọ àwọn agbanisíṣẹ́ àdúgbò, ó sì mọ iṣẹ́ tí àyè wà nínú rẹ̀. Ó lè bá ọmọ san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, ó lè wá ẹ̀rọ tí ń ka ìwé sókè fún afọ́jú, ó sì lè wá ẹni tí yóò dúró ti ọmọ ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí iṣẹ́ yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń wọ́? Olùkọ́ mọ ọmọ, ṣùgbọ́n kò mọ iṣẹ́ tí ó wà ní ìgboro. Olùdámọ̀ràn mọ iṣẹ́ ìgboro, ṣùgbọ́n kò mọ ọmọ. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí ọmọ pé ogún ọdún ni olùdámọ̀ràn ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ìwé dókítà nìkan ni yóò ní lọ́wọ́, ìwé dókítà kì í sì í sọ ju ohun tí ọmọ kò lè ṣe lọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwọn méjèèjì yìí rí.

BÍ WỌ́N ṢE KỌ́ ILÉ MÉJÌ LÁÌSÍ ÌLẸ̀KÙN

Ohun tí ó fa àlàfo náà ní Amẹ́ríkà ni pé ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n dá iṣẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó bí iṣẹ́ olùdámọ̀ràn. Àwọn ọmọ ogun ń ti ojú ogun bọ̀ láìní apá, láìní ẹsẹ̀, láìríran, ni wọ́n fi ṣe òfin ní 1918 pé kí a kọ́ wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Ní 1920, Ààrẹ Woodrow Wilson fi ọwọ́ sí òfin mìíràn tí ó na àǹfààní náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lọ sí ogun. Ní 1943, wọ́n fi àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà àti àwọn tí òye wọn kò pọ̀ kún un. Nígbà tí ó di 1954, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn yunifásítì ní owó láti kọ́ àwọn olùdámọ̀ràn ní iṣẹ́ yìí.

Ilé ẹ̀kọ́ kò tètè jí. Ṣáájú 1975, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba a máa lé ọmọ akàndá padà sílé. Nígbà tí àwọn aṣòfin wọn wádìí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n rí i pé ọmọ akàndá bíi mílíọ̀nù kan ni kò sí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba rárá. Ní oṣù kọkànlá 1975, Ààrẹ Gerald Ford fi ọwọ́ sí òfin pé kò sí ọmọ tí a gbọ́dọ̀ lé mọ́, nítorí pé ó fọ́jú tàbí nítorí pé ó dití.

Báyìí ni ilé méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kò sí ìlẹ̀kùn láàárín wọn. Obìnrin kan ni ó ké gbàjarè lórí ọ̀rọ̀ náà. Madeleine Will ni orúkọ rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀gá àgbà tí ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ akàndá àti ètò ìmúnidé ẹnu iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ìyá ọmọ akàndá. Ní 1984 ó kọ ìwé kan tí ó fi sọ pé láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ayé iṣẹ́, afárá ni ó yẹ kí ó wà. Ó ní afárá náà kò ní rí bákan náà fún gbogbo ọmọ. Ọmọ kan wà tí yóò dá a kọjá fúnra rẹ̀, òmíràn yóò fẹ́ kí a di òun lọ́wọ́ mú fún ìgbà díẹ̀, òmíràn sì wà tí yóò máa fẹ́ alátìlẹ́yìn ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, síbẹ̀ yóò ṣiṣẹ́, yóò sì gba owó.

Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn aṣòfin létí. Ní 1990, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ẹ̀kọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ṣètò bí ọmọ yóò ṣe bọ́ sí ayé àgbà. Ní 2014, nígbà Ààrẹ Barack Obama, wọ́n tún tẹ̀ síwájú. Wọ́n ní nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ìjọba àpapọ̀ bá fún ìpínlẹ̀ fún iṣẹ́ àwọn olùdámọ̀ràn, ó kéré tán dọ́là 15 gbọ́dọ̀ lọ sórí àwọn ọmọ akàndá tí wọ́n ṣì wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Kí olùdámọ̀ràn má ṣe dúró de ọmọ ní ọ́fíìsì mọ́. Kí ó lọ bá a ní ilé ẹ̀kọ́.

ÌPÀDÉ ÌDÍ TÁBÌLÌ

Ẹ óò fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Gbogbo ọmọ akàndá tí ó wà lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ yìí ni ó ní ìwé ètò tirẹ̀. Lọ́dọọdún ni àwọn olùkọ́ àti òbí máa ń jókòó láti yẹ ìwé náà wò. Kí ọmọ tó pé ọdún 16 tán, ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọmọ fẹ́ ṣe lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́: irú ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́, irú iṣẹ́ tí yóò ṣe, àti bí yóò ṣe máa tọ́jú ara rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kan èyí. Wọ́n gbọ́dọ̀ pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ sí ìpàdé, nítorí pé a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí òbí bá sì fọwọ́ sí i, wọ́n á pe olùdámọ̀ràn iṣẹ́ wá.

Láti ìgbà náà, ohun márùn-ún ni òfin 2014 fi lé olùdámọ̀ràn lọ́wọ́ pé kí ó ṣe fún ọmọ kí ó tó jáde. Èkíní, kí ó fi oríṣiríṣi iṣẹ́ hàn án. Èkejì, kí ó mú un lọ sí ibi iṣẹ́ gidi kí ó fi ọwọ́ kàn án. Ẹ̀kẹta, kí ó gbà á nímọ̀ràn nípa ilé ẹ̀kọ́ gíga tàbí ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó lè lọ. Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ́ ọ ní ìwà ibi iṣẹ́: bí a ti ń tètè dé, bí a ti ń wọṣọ, bí a ti ń gba ìbáwí láìbínú. Ẹ̀karùn-ún, kí ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká ní ọmọkùnrin ọlọ́dún 16 kan wà tí kò lè ka ìwé gígùn, tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Olùkọ́ ní, "Ọmọ yìí kì í gbàgbé ibi tí nǹkan wà." Olùdámọ̀ràn ní, "Mo mọ ilé ìtajà oògùn kan tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa to ọjà sórí pẹpẹ." Ìyá ọmọ ti dákẹ́ láti ìgbà tí ó ti jókòó, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Ìgbà náà ni ó wá ní, "Òun ni ó ń to gbogbo àwo mi nílé. Bí ènìyàn bá gbé ife kan kúrò ní àyè rẹ̀, kò ní sùn títí yóò fi dá a padà." Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ti di ọ̀kan. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó lè dá a mọ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òbí sì ni ààrò kẹta.

NỌ́Ọ̀SÌ KAN NÍ CINCINNATI

Àpẹẹrẹ tí a fi ṣe é yìí kò jìnnà sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi. Ní ìlú Cincinnati, ní ìpínlẹ̀ Ohio, nọ́ọ̀sì kan wà tí ń jẹ́ Erin Riehle. Òun ni ó ń darí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń gba àwọn tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá lójijì ní ilé ìwòsàn ọmọdé ìlú náà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwọn tí ń to abẹ́rẹ́, báńdéèjì àti àwọn ohun èlò mìíràn sí àyè wọn kì í pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Lónìí wọ́n gba ọ̀kan, lọ́la ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ, nítorí bí dókítà bá na ọwọ́ tí kò bá ohun tí ó ń wá níbẹ̀, ẹ̀mí lè bọ́.

Nọ́ọ̀sì náà wò ó pé àwọn ọmọ tí òye wọn kò yára wà lára àwọn tí ilé ìwòsàn náà ń tọ́jú. Ó wá bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí a ń tọ́jú wọn tí a kò sì gbà wọ́n síṣẹ́? Ní 1996, ó mú èrò náà tọ Susie Rutkowski lọ, ẹni tí ó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ akàndá ní ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan ní àgbègbè náà. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́, ni wọ́n jọ dá ètò tí a ń pè ní Project SEARCH sílẹ̀.

Bí ètò náà ti rí nìyí. Ní ọdún tí ọmọ fẹ́ parí ẹ̀kọ́, kò ní lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. Inú ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ ńlá mìíràn ni kíláàsì rẹ̀ yóò wà. Olùkọ́ á bá wọn lọ síbẹ̀, á kọ́ wọn fún ìgbà díẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á lọ sí ẹnu iṣẹ́. Kí ọdún tó parí, ọmọ á ti ṣe iṣẹ́ bíi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oṣù méjì sí mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùdámọ̀ràn iṣẹ́ á máa wá wò ó, akọ́niníṣẹ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òbí á máa wá sí ìpàdé. Àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ á sì fi ojú ara wọn rí ohun tí ọmọ náà lè ṣe, dípò kí wọ́n máa ka ìwé dókítà. Ètò yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì ti kọjá òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹnìkan lè ní, "Ọ̀rọ̀ dídùn ni, ṣé ó ń so èso?" Ní ìpínlẹ̀ Virginia, Paul Wehman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wádìí rẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ 40 tí wọ́n ní ìṣòro ọpọlọ tí a ń pè ní ọ́tísíìmù, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Wọ́n fi 24 nínú wọn sí inú irú ètò yìí ní ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún wọn ní àfikún ìrànlọ́wọ́ tí ó bá ìṣòro wọn mu. Àwọn 16 yòókù ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ètò parí, 21 nínú àwọn 24 ti rí iṣẹ́ gidi. Nínú àwọn 16, ẹnì kan ṣoṣo ni ó rí i. Ẹ rántí pé ìṣòro kan náà ni gbogbo wọn ní. Ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n rí gbà ni ó yàtọ̀.

IBI TÍ BÀTÀ TI Ń TA WỌ́N LẸ́SẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Amẹ́ríkà ti di ọ̀run fún ọmọ akàndá. Àwọn ìṣòro kan wà, ó sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́ ọmọ níbẹ̀ mọ̀ wọ́n dáadáa.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá wà ní ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Ilé ẹ̀kọ́ ni òfin ní kí ó wá ọmọ kàn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá gba ìwé ẹ̀rí ìjáde tàbí tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá kọjá ààlà, ẹ̀tọ́ náà parí. Ní ọ̀dọ̀ olùdámọ̀ràn iṣẹ́, ẹ̀yin ni ẹ óò kọ̀wé béèrè, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọmọ náà yẹ. Bí kò bá sí ìdí pàtàkì, ọjọ́ 60 ni òfin fún wọn láti dáhùn. Bí wọ́n bá ní ó yẹ, ó tún lè tó ọjọ́ 90 kí wọ́n tó parí ìwé ètò iṣẹ́ rẹ̀. Òbí tí ó bá dúró di ọ̀sẹ̀ ìjáde kí ó tó kọ̀wé ti fi oṣù bíi márùn-ún ṣòfò. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé nígbà tí ọmọ ṣì wà ní kíláàsì.

Èkejì, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ọmọ bá ti pé ọdún 18, ọwọ́ rẹ̀ ni àṣẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ọmọ ti máa kọ́ láti sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kí ọjọ́ náà má bàá bá a lójijì.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́. Láti 1938 ni òfin kan ti wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ kan, bí wọ́n bá gba ìwé àṣẹ, máa san owó tí kò tó iye tí òfin ní kí òṣìṣẹ́ gbà fún àwọn akàndá. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ń kó láti ilé ẹ̀kọ́ lọ sí irú ibẹ̀ tààrà. Òfin 2014 wá sọ pé a kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọdún 24 lọ sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ àfi bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti wá iṣẹ́ gidi fún un. Bí ẹnikẹ́ni bá fi irú ibẹ̀ lọ ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí olùdámọ̀ràn ti ṣe.

Ẹ̀kẹrin, àwọn òṣìṣẹ́ náà ènìyàn ni wọ́n. Ọmọ tí ń bẹ lọ́wọ́ olùdámọ̀ràn kan lè pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Olùkọ́ á ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò kan òun, olùdámọ̀ràn á ní kò sí ẹni tí ó pe òun sí ìpàdé. Bí àwọn méjèèjì bá ń wo ara wọn báyìí, òbí ni kí ó béèrè pé, "Orúkọ olùdámọ̀ràn tí ó ni ilé ẹ̀kọ́ yìí? Ọjọ́ wo ni ẹ óò pè é?" Ìbéèrè méjì yìí ti tó láti jí àwọn tí ń sùn.

ILÉ WA ŃKỌ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ní 1960, ọkùnrin adúláwọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Andrew Foster, dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Adití ni òun fúnra rẹ̀. Láti ọmọ ọdún 11 ni àìsàn ti dí i létí, síbẹ̀ òun ni adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Washington, ní 1954. Ní 1962, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú ti Pacelli sílẹ̀ ní Sùúrùlérè, ní Èkó. Ní 1977, ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọmọ akàndá sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin tí ó dá ẹ̀tanú sí akàndá lẹ́kun, tí ó ní kí wọ́n kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ dé ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama, tí ó sì ní kí ó kéré tán márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ààyè iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba jẹ́ ti àwọn akàndá.

Ẹ wò ó, olùkọ́ wà, òfin sì wà. Ṣùgbọ́n òfin kì í di ọmọ lọ́wọ́ mú lọ sí ibi iṣẹ́. Bí kò bá sí olùdámọ̀ràn iṣẹ́ ní àdúgbò yín, ẹ̀yin ni ẹ óò fi ọgbọ́n wá ẹni tí yóò ṣe bí rẹ̀. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀, ó lè jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú ẹbí tí ó mọ ènìyàn. Yorùbá kúkú mọ ètò ẹnu iṣẹ́ láti ayébáyé. Nígbà tí a bá mú ọmọ lọ bá ọ̀gá télọ̀ tàbí ọ̀gá káfíńtà, àgbààgbà á jókòó, wọ́n á fi ẹnu kò lórí iye ọdún àti ọjọ́ òmìnira. Ohun tí ó kù ni kí a máa fi àga kan kún un fún olùkọ́ ọmọ.

Ohun tí ẹ lè ṣe nìyí:

1. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé ọdún 14, ẹ bi olùkọ́ rẹ̀ ní ohun mẹ́ta: Kí ni ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe? Báwo ni ó ṣe ń tètè gbọ́ ohun tí a bá kọ́ ọ? Kí ni ó máa ń dà á láàmú? Ẹ ní kí ó kọ ìdáhùn náà sínú ìwé, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

2. Ẹ mú ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tí ẹ ń rò. Bí olùkọ́ bá lè bá yín lọ, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Jẹ́ kí olùkọ́ fi han ọ̀gá bí a ti ń bá adití sọ̀rọ̀, tàbí bí a ti ń fa ọwọ́ afọ́jú kan ohun èlò lọ́kọ̀ọ̀kan.

3. Ẹ má ṣe fi ọmọ sí iṣẹ́ kan ṣoṣo láìdán òmíràn wò. Ní àkókò ìsinmi, ẹ jẹ́ kí ó dán iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta wò, kí ó fúnra rẹ̀ sọ èyí tí ó wù ú.

4. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ilé. Ọmọ tí kò fọ àwo rí, tí a kò rán níṣẹ́ rí, tí kò mọ owó kà, iṣẹ́ ìta yóò le fún un. Àánú tí kì í jẹ́ kí ọmọ ṣe nǹkan kan a máa pa ọmọ lára.

5. Ẹ má ṣe fi ọmọbìnrin pamọ́. Ilé àti òde ni wọ́n sábà ń fi dù ú lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n á ní kò ní lè ṣiṣẹ́, wọn kò sì ní retí pé ọkọ yóò wá fẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó bá mọ̀ ni yóò gbé e níyì nínú ilé àti ní ìta.

A mọ̀ pé àwọn kan ṣì wà tí wọ́n gbà pé bárà ni ìpín afọ́jú, wọ́n sì máa ń sọ pé sárà tí a ń fún un ti tó. Sárà dára, Ọlọ́run kì í fi èrè rẹ̀ dù wá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, afọ́jú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú Sura Abasa. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, kò fi í sí ẹnu ọ̀nà kí ó máa ṣagbe. Iṣẹ́ ni ó fún un. Ó fi í ṣe ládàánì ní Mọdínà pẹ̀lú Bilal, ìgbà kan sì wà tí ó fi ìlú náà sí ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà tí òun fúnra rẹ̀ rìnrìn àjò. Ẹni tí a fi ìlú lé lọ́wọ́ kì í ṣe ẹni tí a ń ṣàánú fún lásán.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe dúró de ìwé ẹ̀rí. Bí ọmọ akàndá bá wà ní ilé yín tàbí ní ilé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín, ẹ lọ rí olùkọ́ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta tí a sọ lókè, kí ẹ sì kọ orúkọ ọ̀gá kan tí ẹ óò jọ lọ rí sí ẹ̀yìn ìwé náà. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọwọ́ tí yóò gba àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́ olùkọ́ wọn. Àmín.